Ọmọ Ilé Ìwé Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Alásè ní Ẹ̀pẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Inú Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń dáná fún òde. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, wòlímọ̀, òkú àgbà, gbogbo rẹ̀ ni mo ń sè, mo sì tún ń gbé oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà Lẹ́kí. Kò sí bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè lọ kí òbí kan má mú ọmọ wá bá mi, tàbí kí ọmọ tó ṣì wọ aṣọ ilé ìwé lọ́rùn má dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan tí òde kò sí.

Ṣé ọmọ tó ṣì ń lọ sílé ìwé lè kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè, kí méjèèjì má sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ó lè kọ́ ọ. JSS 3 ni mo wà nígbà tí màmá mi fà mí lé ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ní búkà lọ́wọ́, mo sì jókòó ṣe WAEC mi. Iṣẹ́ yìí kò ní kí ọmọ má kàwé. Aago ló ní wàhálà. Ìdájí ni búkà ń jí. Kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó kọjá, ìrẹsì ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sè é. Ilé ìwé náà ní aago tirẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ibi tí aago méjèèjì bá ti kọlura ni ọmọ ń há sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ti aago kí ẹ tó dé orí owó.

Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà gba òbí láyè láti fi ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ, tí kò tíì pé 16, sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, àsìkò ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bí bàbá àti ọ̀gá bá jọ mu ẹlẹ́rìndòdò tán tí wọ́n wá pe ọmọ pé "ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀," wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn.

Òfin UBE ti ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ parí ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS 3. Ìpínlẹ̀ Èkó tún ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tirẹ̀ láti 2007. Ọ̀gá tó bá ń fa ọmọ JSS 2 kúrò ní kíláàsì wá fọ ìkòkò, òfin ló ń rú, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ.

Tèmi o, n kì í gba ọmọ tí kò tíì dé JSS 3. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lágbára láti gbé ìkòkò omi gbígbóná, ẹni tó bá sì ní kó gbé e kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí oúnjẹ sísè bá wu ọmọ kékeré gan-an, ìdáná ìyá rẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kó mọ ẹ̀wà ṣíṣà, kó mọ bí iyọ̀ ṣe ń tó, kó mọ ìgbà tí ata bá jinná àti ìgbà tó ṣì kan.

Mo wà ní SS 1. Ọjọ́ wo ni kí n máa wá, mà?

Bí mo ṣe ń tò ó fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi nìyí. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú kó ti wà nílé pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Ọlidé gígùn, láti ìparí July títí di September, ni ẹ̀kọ́ gidi ń wọlé. Ìgbà yẹn ni ọmọ lè tẹ̀ lé òde kan láti ọjọ́ tí onínàáwó wá san owó àsansílẹ̀, dé ọjà, dé ìdí iná, títí dé ìgbà tí a ń ka kúlà padà sínú ọkọ̀. Ọmọ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń rí nǹkan ní ẹyọ-ẹyọ: lónìí ó rí ata, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó rí ẹran, kò mọ bí wọ́n ṣe pàdé. Ti Kérésì yàtọ̀. Òde December pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ráyè ṣàlàyé nǹkan fún ẹlòmíràn. Ọmọ á ṣiṣẹ́, á rówó díẹ̀, àmọ́ bí o bá bi í ní January pé kí lo kọ́, á ní òun kọ́ sáré.

SS 3? Lẹ́yìn Kérésì, mo ń lé wọn padà sílé. WAEC àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí April tàbí May. Ìkòkò mi kò ní sá lọ.

Ti òru, Òfin Iṣẹ́ kò fẹ́ kí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 18 máa ṣiṣẹ́ òru. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní "ṣùgbọ́n alásè ni wá, òru ni tiwa." Òru ni tiwa lóòótọ́. Kì í ṣe ti ọmọ SS 1.

Kí ni n ó kọ́kọ́ máa ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi ní àwo nìkan ni wọ́n máa ní kí n máa fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́, o máa fọ àwo. Àmọ́ fífọ àwo lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì lè jẹ́ ìyà. Bí mo bá gbé ìkòkò tí ìrẹsì jó nídìí rẹ̀ fún ọ, tí mo sì ní "kí ló fà á?", mo ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣé iná ló pọ̀ jù ni? Ṣé omi ló tán kí ó tó rọ̀? Ṣé ata kò tíì dín dáadáa tí wọ́n fi da ìrẹsì sí i, tó wá lọ dì sí ìsàlẹ̀? Ìdí ìkòkò kì í parọ́ fún ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ìwọ ṣì wà ní ìdí kànìnkànìn, tí ọwọ́ rẹ kò tíì kan ọmọrogùn, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Sọ fún màmá rẹ.

Lẹ́yìn àwo, ọjà ló kàn. Ẹ̀pẹ́ la wà. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ alásè níbí tí kò mọ ẹja, kí ló wá kọ́? Ọjà ẹja Olúwò ni mo máa ń mú wọn lọ, tàárọ̀ tàárọ̀, kí oòrùn tó mú. N kì í jẹ́ kí wọ́n ra nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á kàn máa wò, wọ́n á sì máa tẹ̀. Ẹja tútù tó dáa, ojú rẹ̀ yọ síta, ó ń dán bí ẹni pé ó ń wò ọ́. Ṣí etí rẹ̀: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Bí ó bá ti ń di pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń yọ̀, ó ti pẹ́ lórí àtẹ. Fi ìka tẹ ara rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dìde padà, rà á. Bí ihò ìka rẹ bá ṣì wà níbẹ̀, má wulẹ̀ dúnàádúrà, dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kí o máa lọ.

Epìà ní ìpẹ́, àrọ̀ kò ní. Ọmọ kan wà tí mo ní kó ha ìpẹ́ àrọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti dán an wò. Ó fi ọ̀bẹ ha á fún ìdajì wákàtí, kò béèrè. A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: bí ohun tí wọ́n ní kí o ṣe bá jọ ọ́ lójú, béèrè. Ohun tí à ń ṣe fún àrọ̀ ni ká bọ́ yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ ara rẹ̀. Iyọ̀ ni mo ń fi pa á, àwọn àgbà ń lo eérú. Omi gbígbóná náà ń ṣe é, bí ó bá sì gbóná jù, awọ á ṣí kúrò, ẹja á fọ́ nínú ọbẹ̀.

Ẹja yíyan ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Èyí tó gbẹ dénú á dún bí o bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó rọ̀ nínú, bó ti wù kí ara rẹ̀ dúdú tó, ìdin lè wà níbẹ̀ kí o tó délé. Ẹ̀yin oníbàárà tó ń ra ẹja yíyan nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ máa ṣẹ́ ẹ wò o.

Lẹ́yìn ọjà, a ó wá bọ́ sí ewé mọ́ínmọ́ín àti ọ̀bẹ, ká tó dé orí ata dídín, àti lẹ́yìn náà ọbẹ̀ kéékèèké. Ìrẹsì òde ni mo ń fi sí ìparí pátápátá. Bí ìkòkò ìrẹsì kan bá jó, owó onínàáwó ló jó, èmi ni màá sì san án.

Èló ni owó iṣẹ́? Ṣé òbí ló ń san án ni, àbí ọ̀gá ló ń fún ọmọ lówó?

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí. Òbí lè san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ pátá, kí ọmọ kọ́ṣẹ́ fún àsìkò kúkúrú. Òbí lè má san nǹkan kan, kí ọmọ sin ọ̀gá fún àsìkò gígùn. Ẹ̀kẹta ni pé kí òbí san díẹ̀, kí ọmọ sin díẹ̀. Fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ẹ̀kẹta ló dáa jù, torí kò ní ọjọ́ tó pọ̀ tó láti fi sìn. Ọ̀gá tó bá gba ọmọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ á máa wo ọjọ́ tí ọmọ kò wá bí owó tó sọ nù. Ìjà ibẹ̀ kì í pẹ́ dé.

Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó, ní Yorùbá bí ẹ bá fẹ́, kí ẹlẹ́rìí wà níhà méjèèjì. Ohun tó wà nínú tèmi nìyí, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí nǹkan mú níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ á máa wá àti aago tó máa kúrò. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, pé kò ní wá rárá, àti pé ọ̀sẹ̀ náà kò ní di gbèsè. Owó ọkọ̀, ta ló ń san án. Oúnjẹ ọ̀sán: ọmọ iṣẹ́ alásè tó ń fi ebi ṣiṣẹ́, ìtìjú ọ̀gá rẹ̀ ni. Bí àwo bá fọ́ ńkọ́? Èmi kì í gba owó àwo lọ́wọ́ ọmọdé, àmọ́ àwọn kan ń gbà á, kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Bí iná bá jó ọmọ, ta ló ń san owó ọsibítù? Èyí ni àwọn òbí máa ń tijú láti béèrè. Ẹ béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, iye tí ọmọ máa gbà bí ó bá bá wa lọ òde. Lọ́dọ̀ mi, ọmọ kì í ti òde dé kó lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Owó náà lè kéré, kó ṣáà wà, kó sì wà lọ́wọ́ ọmọ.

Nǹkan tí wọ́n ń gbàgbé ni fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá kan lè má gba owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ rárá, kí ó wá di ọjọ́ òmìnira kó ka ẹran, kúlà, aṣọ àti ọtí kalẹ̀ fún òbí. Kí ohun tí fíríìdọ̀mù máa gbà wà nínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Báwo la ṣe máa mọ ọ̀gá tó dáa?

Ẹ lọ jẹun níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ní ọmọ tí ẹ fẹ́ mú wá. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀sán tí èrò pọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ẹ wo ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ẹran tútù, bóyá òun náà ni wọ́n fi gé kúkúḿbà. Ẹ wo aṣọ ìnuwọ́.

Ẹ tún fọgbọ́n béèrè ibi tí ìrẹsì àná sùn sí. Ìrẹsì jíjinná tó bá sùn sínú ìkòkò lórí tábìlì léwu ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí hóró rẹ̀ kì í kú bí ó bá hó. Bí ìrẹsì bá wá jókòó nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́, á jí, á máa bí sí i, á sì tu májèlé sínú oúnjẹ. Gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í pa májèlé yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń tan oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó tètè tutù, ká sì gbé e sínú fíríìjì láàárín wákàtí méjì. Bí iná ìjọba kò bá sí, tí epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, ẹ fún àwọn ará ilé jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá tó bá mọ èyí, ẹ fi ọmọ sí i lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Èébú máa ń wà nídìí iná, n kò ní tan yín jẹ, ooru ń mú èèyàn bínú. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọmọrogùn na ọmọ, ẹ dìde níbẹ̀.

Bí ọmọ yín bá jẹ́ obìnrin, ẹ béèrè àwọn tó ń gbé nínú ilé náà, àti ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi kì í dá gbé oúnjẹ wọ yàrá ẹnikẹ́ni, kì í sì sùn mọ́jú níbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà ńkọ́? Òfin kan náà ni.

Ọmọkùnrin lọmọ mi. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ mú un wá. Ta ni wọ́n rò pé ó ń sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀ lórí iná ní òde? Ẹ wọ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ńlá èyíkéyìí ní Lẹ́kí, kí ẹ ka ọkùnrin tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni kí n mú ní ilé ìwé tó máa ràn mí lọ́wọ́?

Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Catering Craft Practice nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ SS lè ṣe ní WAEC. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín àwọn iṣẹ́ ọwọ́ inú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun kù sí mẹ́fà: iná sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ẹ bi ilé ìwé yín léèrè ìlànà tí kíláàsì ọmọ yín ń tẹ̀ lé, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ Food and Nutrition, torí ìyẹn náà sún mọ́ ọn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo máa ń bá ọmọ fà. Wò ó: àpò ìrẹsì kan jẹ́ kílò 50, ìyẹn gíráàmù 50,000. Bí o bá ka gíráàmù 150 ìrẹsì tútù sí ẹnì kan, àpò kan á tó èèyàn 333. Èmi ń kà á sí 300, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé abọ́ méjì ni tiwọn, àwọn onílù wà, ìyá ìyàwó sì máa fẹ́ bù lọ sílé. Bí onínàáwó bá wá ní òun pe 450 èèyàn, àpò mélòó? Ọmọ tó bá dáhùn láì wo fóònù, mo ti mọ̀ pé ó lè di ọ̀gá. Alásè tó ń pàdánù, ọ̀pọ̀ ìgbà ọwọ́ rẹ̀ dùn gan-an, ìṣirò ni kò mọ̀.

Ohun tí tíṣà ń kọ́ yín nínú Biology àti Chemistry wà nínú ìkòkò pẹ̀lú. Kí ló dé tí káún fi ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀? Kí ló ń wú pọ́fù-pọ́fù? Ìwúkàrà yẹn, ohun ẹlẹ́mìí ni. Ṣúgà ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ló ń gbé ìyẹ̀fun sókè. Bí o bá fi omi tó gbóná jù pò ó, o ti pa á, kò ní wú. Ọmọ kan padà wá sọ fún mi pé òun kọ èyí nínú ìdánwò. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí ó mọ ẹ̀fọ́ rò lọ.

Ọ̀gá mi ní kí n má lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì torí òde. Kí ni kí n ṣe?

Kúnlẹ̀, kí o sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní ìwé lọ́la, màá dé lẹ́yìn tí a bá jáde." Dé ilé, sọ fún òbí rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Má dúró kó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

SS 2 ni mo wà. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi nígbà náà, mo wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń ṣe òde ńláńlá. Wọ́n gba òkú àgbà kan tí wọ́n máa ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la ti ń dáná, igi ni a fi dá a, oorun ò kan ojú ẹnikẹ́ni. Ìdánwò ìparí táàmù wà láàárọ̀, Mathematics ni. Mo sáré wẹ̀, mo dé kíláàsì, mo kọ orúkọ mi sókè ìwé, mo sì sùn. Ìgbà tí wọ́n ń gba ìwé ni tíṣà fọwọ́ kàn mí léjìká. Èéfín ṣì ń rùn nínú irun mi. Tíṣà wo ìwé mi, wọ́n wo ojú mi, wọn ò sọ nǹkan kan.

Màmá mi náà kò bá mi wí. Wọ́n wé gèlè, wọ́n lọ bá ọ̀gá mi. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n mú ìwé kan bọ̀, tí wọ́n ti kọ aago sí, tí ọ̀gá ti fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ìwé àdéhùn tèmi ti wá.

Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ìwé tó sì tún ń fa ọmọ kúrò ní kíláàsì, kí òbí lọ mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀gá pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀rù iná ń bà mí.

Ó yẹ kó bà ọ́. Ẹni tí kò bẹ̀rù iná ni mo máa ń lé sẹ́yìn.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà. Bí o bá gbóòórùn rẹ̀, má ṣáná, má tan iná mànàmáná, má sì pa èyí tó wà ní títàn. Ti orí sílíńdà, ṣí ilẹ̀kùn, jáde, kí o pe àgbà. Epo tó bá gbiná nínú agbada, má da omi sí i láéláé. Omi á fò sókè pẹ̀lú iná ni. Pa iná abẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ rẹ bá lè dé ibẹ̀, fi ìdérí bò ó, má ṣí i títí á fi tutù. Bí omi gbígbóná tàbí ooru bá jó ọ, omi tútù tó ń ṣàn ni kí o gbé ọwọ́ sí fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín ra á. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà yín ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tèmi náà ṣe é. Bí ojú ibẹ̀ bá wú tàbí tó bó, ọsibítù ló kàn.

Àti ooru mọ́ínmọ́ín o! Bí o bá fẹ́ ṣí ìkòkò rẹ̀, ẹ̀yìn ìdérí ni kí o kọ́kọ́ gbé sókè, kí ooru gba ọ̀hún lọ, kó má gba ojú rẹ.

Ṣé kò ní sàn kí ọmọ kúkú lọ sí ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́?

Ó lè sàn fún ọmọ tó ti dá a lójú. Ìjọba Èkó ní ilé ìwé irú rẹ̀ ní Odòmọlà, ìhà Ẹ̀pẹ́ níbí; ẹ lọ béèrè àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́dún tí ẹ fẹ́ wọlé. NABTEB ló ń ṣe ìdánwò àwọn ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá gba WAEC náà kò tíì sọ ọ̀nà nù: Yabatech ń kọ́ ìmọ̀ ilé ìtura àti oúnjẹ, wọ́n sì ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú.

Ṣé n kò lè kọ́ ọ lórí YouTube?

O lè kọ́ ohun tí ojú ń rí. YouTube kò lè gbóòórùn ata tó ti dín.

Oúnjẹ ilẹ̀ wa wo ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó pè mí ní alásè Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí tó. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti fúráìdì ráìsì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sè. Ìkókórẹ́ ńkọ́? Ìjẹ̀bú ni wá ní apá kan ìlú yìí. Èwùrà ni, a bó o, a rin ín. Ẹ fi epo ra ọwọ́ kí ẹ tó bó o, torí ó ń yúnni. A ti kọ́kọ́ gbé omi ọbẹ̀ kaná, pẹ̀lú ata, epo pupa, edé àti ẹja yíyan. Bí ó bá ti ń hó, a ó máa fi ọwọ́ bu èwùrà náà sínú rẹ̀ ní kókó-kókó. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, á sì di àsáró. Fi í sílẹ̀, dé e, kí kókó rẹ̀ le díẹ̀, kí o tó rọra yí i. Kókó gbọ́dọ̀ kù nínú rẹ̀. Oníbàárà tó jẹ́ Ìjẹ̀bú á fi ṣíbí wá kókó yẹn, bí kò bá rí i, á wò ọ́ lójú.

Èbìrìpò náà wà, tí a ń fi kókò ṣe. A rin ín, a pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, a pọ́n ọn sínú ewé, a sè é. Kókò tí kò jinná dáadáa á máa yún èèyàn lọ́fun, nítorí náà ẹ má kánjú sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Apá kejì ìlú, Èkó-Ẹ̀pẹ́, ní ọdún Kayọ̀kayọ̀ tiwọn, tí wọ́n fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851. Àsìkò náà, oúnjẹ kì í tó. Bí o bá wà lọ́dọ̀ alásè nígbà yẹn, o máa rí iye ẹran àti ẹja tí ìlú kan lè jẹ.

Mò ń gba ààwẹ̀. Báwo ni n ó ṣe tọ́ ọbẹ̀ wò?

Ẹlòmíràn á tọ́ ọ wò. Ìwọ máa gbóòórùn rẹ̀, kí o sì máa wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń gba ààwẹ̀ lọ́dọ̀ mi, iyọ̀ wọn kì í ṣì wọ́n mọ́ bí oṣù bá máa fi parí.

Ọdún mélòó ni yóò gbà?

Ọmọ tó ń wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọlidé, mo ń kà á sí ọdún mẹ́ta, láti ìparí JSS 3 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ SS 1 dé ìgbà tó bá ṣe WAEC tán. Ẹni tó bá ti parí ilé ìwé girama tó ń wá lójoojúmọ́ lè ṣe é láàárín ọdún kan àbọ̀. Kó tó ṣe fíríìdọ̀mù, mo máa ń fún un ní òde kan tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, ìsọmọlórúkọ kékeré bí ti 50 èèyàn. Òun ló máa bá onínàáwó sọ̀rọ̀, òun ló máa lọ ọjà, òun ló máa ṣírò owó. Èmi á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa jẹun bí àlejò.

Kí ni kí n mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, kó má jẹ́ sílípáàsì. Aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbòòrò, torí iná ń fa ọwọ́ aṣọ. Nǹkan ìborí. Ìwé kékeré kan àti bírò, torí n kì í sọ ìwọ̀n nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Gé èékánná rẹ, má sì kun ún. Jẹun kí o tó wá. Mú màmá tàbí bàbá rẹ dání, kí wọ́n wá fọwọ́ bọ ìwé. Agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń lọ sí Olúwò; bí o bá dé ní agogo méje, wàá bá ìkòkò tí wọ́n ní kí o fọ̀.